Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí A Ó Ti Máa Ta Irú Inú Ìgò

Ẹni tí ó mọ irú ṣe dáadáa kì í sábà ní ìṣòro nídìí ìkòkò. Ìgbà tí ó bá gbé e jáde ni iṣẹ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Irú tí a dì sínú ìgò kò lè bá èyí tí àwọn ìyá oníírú ń fi ewé dì ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn figagbága ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé owó ìgò, owó ìdérí, owó ìwé àlẹ̀mọ́ àti owó mọ́tò ti gun orí rẹ̀. Ẹni tí yóò rà á ni ẹni tí ó ń wá ohun tí ewé kò lè fún un: irú tí kò ní iyanrìn, tí òórùn rẹ̀ kì í gba inú fíríìjì kan, tí a sì lè gbé rìnrìn àjò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó máa wá kiri ní gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ iye ọjọ́ tí irú wa lè lò kí ó tó bàjẹ́, nítorí pé òun ni yóò sọ bí ọjà náà ṣe lè jìnnà sí wa tó. Irú tútù, pàápàá irú pẹ̀tẹ̀, kì í dákẹ́ sínú ìgò. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n sọ irúgbá sísè di irú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a fi bò ó mọ́lẹ̀, ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti dé e, bí ooru bá sì mú, ìdérí lè wú, òórùn náà yóò sì yí kúrò ní ti irú sí ti ohun tí ó ti bàjẹ́. Iyọ̀ ń dín iṣẹ́ wọn kù, ṣùgbọ́n gbígbẹ dáadáa ni ó ń dá wọn dúró pẹ́. Nítorí náà, inú fíríìjì ni irú tútù gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á, àwọn oníbàárà tí kò jìnnà sí wa ni ó sì tọ́ sí. Irú gbígbẹ ni ti orí pẹpẹ, ti ìlú òkèèrè àti ti òkè òkun. Kí a gbé ìgò mélòó kan pamọ́ láti inú ìkòkò kan náà, kí a máa ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kọ ohun tí a rí sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí a jókòó ti ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ wò ó: bí irúgbá, igi ìdáná, iyọ̀ àti owó iṣẹ́ bá jẹ́ ₦700 lórí ìgò kan, tí ìgò àti ìwé ara rẹ̀ jẹ́ ₦400, tí mọ́tò sì jẹ́ ₦100, ₦1,200 ni a ti ná. Bí a bá fún onísọ́ọ̀bù ní ₦1,600, òun náà yóò fi ₦400 lé e, yóò sì tà á ní ₦2,000. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ọ̀nà ara wọn jẹ́: wọ́n á tún máa ta ìgò kan náà ní ₦1,600 fún ẹni tí ó bá wá bá wọn nílé, láìpẹ́ onísọ́ọ̀bù á gbọ́, á sì kó ọjà wọn kúrò lórí pẹpẹ. ₦2,000 ni kí ẹni tí ó ra ìgò kan ṣoṣo san níbikíbi. Bí a bá fẹ́ ṣe ojú rere fún oníbàárà wa, kí a fi èènì sí i. Kí a má ṣe fọwọ́ kan iye owó.

Ọ̀dọ̀ àwọn olóńjẹ ni èmi yóò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé súpámákẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń wu ojú. Ẹni tí ó ń se ata ọ̀fadà, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹ̀gúsí lójoojúmọ́ kò lè ṣe kí ó má ra irú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn alásè tí ń gba iṣẹ́ òde àríyá. Kí a má ṣe lọ bá wọn lọ́sàn-án gangan nígbà tí èrò pọ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń fọ ìkòkò, ni wọ́n ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá olóńjẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní wo ìwé ara ìgò rárá: yóò mú irú díẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ̀ ẹ́ wò bóyá iyanrìn tàbí èèpo wà níbẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó béèrè iye tí à ń tà á. Kí a fi ìwọ̀nba tí ó tó ìkòkò ọbẹ̀ kan sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí a padà lọ lọ́jọ́ kejì láti gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wí. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ìgò. Inú ike ńlá ni kí a ti máa wọ̀n ọ́n fún un ní kílò, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, nítorí pé owó ìgò ti kúrò níbẹ̀. Èrè orí kílò kan lè kéré, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í pẹ́ wọlé, bí irú náà bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tún rà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn onílé, ìyẹn àwọn tí ń se ọbẹ̀ nílé ara wọn, ni ó kàn, orí WhatsApp sì ni ó rọrùn jù láti bá wọn pàdé. Kí a yan ọjọ́ kan pàtó: kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fún wa kí Ọjọ́rú tó parí, kí irú sì dé ọwọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀. Owó ni kí ó kọ́kọ́ wọlé kí ìgò tó jáde.

Kí a tó kan ilẹ̀kùn súpámákẹ́ẹ̀tì, ìwé gbọ́dọ̀ pé. Orúkọ òwò ni a ó fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ni a ó ti forúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀. Lára ìgò ni kí orúkọ ọjà, àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, àwọn èròjà inú rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìsọ̀rí (èyí tí ń fi ìkòkò tí ìgò náà ti wá hàn), ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré lè gbà á láìsí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé, ọjà wa ni wọn yóò kó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í san owó lójú ẹsẹ̀: bí ó bá tà ni wọ́n tó ń sanwó. Kí a wá béèrè kí a tó já ìgò kankan sílẹ̀: ọjọ́ wo ni owó ń jáde? Ta ni yóò ru èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá? Ibo ni wọn yóò gbé e sí, ṣé ẹ̀gbẹ́ èròjà ọbẹ̀ ni àbí ìsàlẹ̀ pẹpẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bẹ̀rẹ̀ wò ó? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Ìgò méjìlá nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí a lè máa yà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju ọgọ́rùn-ún lọ tí a tú káàkiri Èkó.

Ní ti ọjà gbangba, kí a má ṣe lọ pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníírú láìjẹ́ pé a ti rí olórí wọn. Ó tilẹ̀ sàn kí alátẹ tí ń ta èròjà ọbẹ̀ gbígbẹ bá wa tà á.

Òkè òkun ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra, àwọn Yorùbá tí ń ra oúnjẹ ilé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà sì ń bẹ lóòótọ́. Àmọ́ àpótí tí ẹbí gbé wọ bàálù kò tíì di ọ̀nà títà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó o lọ gẹ́gẹ́ bí ọjà ní láti forúkọ sílẹ̀ níbí ní NEPC, àjọ ìjọba tí ń rí sí kíkó ọjà lọ sí òkè òkun. Bí Amẹ́ríkà bá ni, ibi tí a ti ń ṣe irú náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé FDA, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí kí ẹrù tó gúnlẹ̀. Kí ó jẹ́ irú gbígbẹ nìkan, kí a sì wá ẹni tí ó ti ń kó oúnjẹ lọ tẹ́lẹ̀, kí ó bá wa kó o.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni kí ó máa tẹ̀lé gbogbo èyí: ojú ewé kan fún olóńjẹ, ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, kí a máa kọ iye tí ó lọ, iye tí ó padà, ọjọ́ tí owó wọlé àti owó mọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀nà tí ń gba ìgò púpọ̀ ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kì í dé títí oṣù kejì yóò ti fara hàn, a ó sì lè dín in kù. Àkọsílẹ̀ yìí kan náà ni yóò sọ iye irúgbá tí a ó rà pamọ́ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń ká a, kí ó tó wọ́n.