Òjò àrọ̀kúrò já mi kulẹ̀, mo sọ àgbàdo di ògì màlúù

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ni òjò gidi rọ̀ kẹ́yìn sí oko mi lọ́nà Ìsẹ́yìn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òun ni ìkẹyìn. Òjò kì í dágbére fúnni. Ó rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru, ilẹ̀ mu àmuyó, èmi náà sùn àsùnwọra. Àgbàdo mi ń múra àtiyọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Bí òjò méjì péré bá tún rọ̀ lé e kí oṣù náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kò rọ̀.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó máa bú ojú ọ̀run. Lágbègbè Òkè-Ògùn, ó yẹ kí àgbàdo àrọ̀kúrò ti wọlẹ̀ kí ìdajì oṣù kẹjọ tó kọjá, torí pé ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni òjò wa sábà máa ń dáwọ́ dúró. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet máa ń kéde ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa lọ. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo tún mi orí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi katakata bá mi túlẹ̀ ń sọ pé "ọ̀la ni, ọ̀gá", ọ̀la ọ̀hún sì di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fò lọ yẹn ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹni tí kò dá oko lè rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ò tó nǹkan. Àgbàdo tó ṣì kéré lè fara da ọ̀dá. Yóò ká ewé rẹ̀ bí ẹní, yóò máa retí. Èyí tó ti gbó tán ń fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Àárín méjèèjì ló ti ń kú, ìgbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ ń yọ lórí, tí ọmọ ń yọ irun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lásìkò ọ̀dá, ìrùkẹ̀rẹ̀ á ti gbọn lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dànù kí irun tó jáde, irun tó bá sì jáde á rọ kí lẹ́búlẹ́bú tó bà lé e. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀. Èyí tí kò rí nǹkan gbà, àyè òfìfo ló máa kù lára ṣùkù.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, mo mú àdá, mo wọ inú oko ẹ́kà mẹ́ta náà. Mo dúró níbi márùn-ún, mo bó ọmọ mẹ́wàá níbi kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo kọ́kọ́ bó péjí bí ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Ìkejì ní hóró méjìlélógún. Mo jókòó kà á, bí ẹni ń ka gbèsè. Ìkẹta, ṣùkù lásán, ó funfun báláú. Nínú àádọ́ta tí mo bó, 34 ni kò tó ohun tí èèyàn ń gbé lọ sílé. Apá ìsàlẹ̀ nìkan, bí ẹ́kà kan níbi tí ilẹ̀ ti dà sọ́dọ̀ odò, ló ṣì ní ọmọ tó kún.

Mo ní màlúù márùn-ún pẹ̀lú, Baba gáà, àgbà ibùdó àwọn Fúlàní, ló ń bá mi sìn wọ́n. Tẹ́lẹ̀, bí pápá bá ti gbẹ, wọ́n á dà wọ́n lọ sápá odò Ògùn, wọ́n á máa tẹ̀ lé ewé tútù lọ. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn gómìnà gúúsù ti fohùn ṣọ̀kan ní Asaba, lóṣù karùn-ún ọdún 2021, láti fòfin de dída ẹran káàkiri, mo ti bẹ Baba gáà pé kí a fi ọgbà ká tiwa mọ́. Ó dára fún àlàáfíà, kò dára fún ikùn màlúù. Koríko èrùwà tó gbẹ lóṣù kejìlá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí igi ló rí. Màlúù á jẹ ẹ́ yó, á sì máa rù.

Bọ̀ọ̀dá mi kan, àbúrò ìyá mi, ń ṣiṣẹ́ lóko màlúù ní Oklahoma. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń pe irú àsìkò yìí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n máa ń gbin àlìkámà lápá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí màlúù lè máa jẹ ewé rẹ̀ nígbà òtútù. Bí ìgbà ìwọ́wé bá wá gbẹ, àlìkámà ò ní hù dáadáa, àwọn ẹlẹ́ran á bẹ̀rẹ̀ sí í ta màlúù tí kò tíì tó tà. Nígbà tí mo fi fọ́tò àgbàdo mi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, Bọ̀ọ̀dá ò bá mi dárò rárá. Wọ́n ní, "Gé e nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tútù, kó o rì í mọ́lẹ̀. Hóró tí kò sí, kí lo ń dúró dè?"

Sáílẹ́ẹ̀jì lorúkọ rẹ̀ níwèé. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi: a ó gé àgbàdo wẹ́wẹ́ tòun ti igi tòun ti ewé, a ó kì í mọ́ inú kòtò tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, yóò kan, kíkan yẹn ni kò ní jẹ́ kó rà. Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé kì í ṣe ògì nìyẹn?"

"Ògì ni, Màámi. Ti màlúù ni."

Láti ọjọ́ náà, ògì màlúù ni gbogbo ilé ń pè é.

Mo ti san owó ìdákọmu fún lébírà mẹ́fà pé kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà. Lóru ọjọ́ kẹta, òjò dé. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò jí, àwọn kan ń pariwo "Olúwa ṣeun!" Ewé àgbàdo tí ó ti ká tẹ́lẹ̀ là padà láàárọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn lébírà pa dà pé ó ti tán, àgbàdo ti yè. Mo tún bó ọmọ méjì wò. Ṣùkù tí ó ṣófo lánàá ṣófo síbẹ̀. Omi kì í dá eyín tí kò hù pa dà.

Bọ̀ọ̀dá ló tún dá mi dúró, lórí ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ní kí n má gé e, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ kan. Ajílẹ̀ yúríà tí mo fọ́n sí ìdí rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, àgbàdo ti mu ún, ṣùgbọ́n ọ̀dá ò jẹ́ kó lè lò ó láti fi dàgbà. Ó kó jọ sínú igi, pàápàá nísàlẹ̀; náítíréètì ni wọ́n ń pè é. Bí òjò bá sì já lu ilẹ̀ gbígbẹ báyìí, gbòǹgbò á tún fà á sókè rẹpẹtẹ. Màlúù tó bá jẹ ẹ́ lápọ̀jù, inú rẹ̀ á yí i pa dà sí ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà á pọ́n bí kòkó tí a sá gbẹ, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ẹran á kú níbi tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Mo dúró. Ìdákọmu lébírà wọgbó, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọjọ́ kọkànlá la bẹ̀rẹ̀. Kòtò ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 7 ní ìbú, 4 ní jíjìn, lórí òkè díẹ̀ kí omi má bàa sun sínú rẹ̀. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀: màlúù márùn-ún, kílò 8 lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú koríko gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, fún ọjọ́ 75. Kílò 3,000 nìyẹn. Orí orókún ni mo ní kí wọ́n ti máa gé e, kí ìsàlẹ̀ igi tí náítíréètì kó sí dúró sóko. Lébírà kan ò gbà, ó ní mo ń ṣòfò. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ gé e nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí mo bá ti kọjú sẹ́yìn. Mo fi í sídìí gbígbé ẹrù.

Ẹ̀rọ tí mo yá láti gé e wẹ́wẹ́ já bẹ́líìtì kí ọ̀sán tó pọ́n. Àdá àti ìtì igi la fi parí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, torí pé gígùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó kì dáadáa, ibi tí kò bá sì kì, afẹ́fẹ́ á fara pamọ́ síbẹ̀. Kí ẹ tó rì í, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá la ọwọ́. Bí omi bá ń kán láàárín ìka, ó ti tutù jù, yóò rà. Bí ó bá tú ká lójijì, ó ti gbẹ jù, yóò bu. Tèmi dúró lọ́wọ́ bí òkèlè, ó wá rọra ń là díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi sì rin láìsí omi. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí àgbàdo náà hù lọ.

A tẹ́ ọ̀rá nípọn sínú kòtò. Bí a bá ti da ìpele tó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, gbogbo wa á wọlé lọ tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ mi pẹ̀lú. Wọ́n kọrin, wọ́n jó lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ wa ni ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì nírọ̀lẹ́ ló kún, a yọ ọ́ gegele bí ẹ̀yìn ìjàpá, a fi ọ̀rá bò ó, a da yẹ̀pẹ̀ lé e, a to táyà àtijọ́ sórí rẹ̀. Ó parí. Ó ku kí èèyàn má yọjú wò ó, ìyẹn ló sì le jù.

Láàárín ìgbà náà, mo gé ọ̀nà iná yí ẹ́kà kan tó kù ká, torí àwọn ọdẹ ti ń finá sí pápá. Ọyẹ́ dé, ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í bá gbogbo èèyàn jà: àwọn tó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbẹ́ oko mi sì ń sunkún, torí ilẹ̀ ti le débi pé ẹ̀gẹ́ ń kán sínú rẹ̀ bí wọ́n bá fà á.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá ni mo ya àgbàdo ẹ́kà náà. Oòrùn gbẹ ẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo da hóró díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, mo mì ín jìgìjìgì. Lọ́jọ́ kìíní, iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ó ṣì tutù. Mo tún un sá fún ọjọ́ mẹ́ta, iyọ̀ ò lẹ̀ mọ́, mo dì í sápò. Ṣùgbọ́n mo ṣà á kí n tó dì í. Àgbàdo tí ọ̀dá bá jà lóko, èébu tó ń mú májèlé áfílátọ́síìnì wá máa ń tètè ráàyè wọ inú rẹ̀, oòrùn ẹ̀yìn ìkórè ò sì lè lé e jáde. Gbogbo hóró tó ní àwọ̀ ewé mọ́ yẹ́lò ni mo yọ, mi ò fún adìyẹ, mo sun ún. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe tí a máa ń fọ́n sóko láti dènà rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa rà á. Àpò àgbàdo mẹ́fà ni mo rí.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá, a ṣí kòtò láti ẹ̀gbẹ́ kan. Igun ọ̀tún ti bu funfun, níbi tí táyà ò ti tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀; bí kẹ̀kẹ́-ẹrù kan la kó dànù. Èyí tó wà nínú ní àwọ̀ ewé ọ̀pọ̀tọ́ gbígbó, ó ń gbóná díẹ̀ lọ́wọ́. Màámi bu díẹ̀, wọ́n gbé e símú.

"Omidùn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Omidùn gan-an lèyí."

Baba gáà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní màlúù òun ò jẹ oúnjẹ kíkan rí. A fi kílò 2 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà, kí inú wọn lè mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rin gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yíjú sẹ́yìn. Ìkarùn-ún, abo aláwọ̀ funfun kan tó jẹ́ olójúkòkòrò láti kékeré, ti ẹnu bọ̀ ọ́, kò gbé orí sókè mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ń ké kí a tó dé ẹnu ọgbà. Ojoojúmọ́ la ń bù ú láti ojú kan náà, a ó gé e gún régé, a ó tún fi ọ̀rá bò ó kíá, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn fún ọjọ́ méjì ló ń gbóná tó sì ń bàjẹ́. Omi náà kì í kéré: màlúù kan lè mu lítà 40 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga mi sì ti ń rẹlẹ̀ nígbà náà.

Ní ìparí oṣù kejì, ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan nínú kòtò. Baba gáà wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó kí mi kí mi, ó béèrè ìlera gbogbo ilé. Ó wá ní ẹ̀gbọ́n òun kan ní apá Òkèihò fẹ́ mọ iye tí mo máa ta èyí tó kù.