Bí Ọmọ Yín Bá Ń Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́ Ṣọ́jà Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wọṣẹ́ ṣọ́jà ní Amẹ́ríkà, àwọn kan torí ìwé ọmọ ìlú, àwọn kan torí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń jáde ni ẹ̀tọ́ máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀tọ́ ọ̀hún ló ní gbèdéke. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa jáde sínú kàlẹ́ńdà, kí ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ TAP, tó ń múra ṣọ́jà sílẹ̀ fún ìgbé ayé aráàlú, gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán ní ọjọ́ 365 ṣáájú. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Tó bá ní ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ, ọ̀rọ̀ GI Bill ti yẹ kó wáyé tipẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ oṣù 36 ni. Kó tó lè gbé e fún ẹbí, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 6, kó sì gbà láti fi ọdún 4 sí i, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ti jáde láì ṣe é, kò sí àtúnṣe mọ́. Tiẹ̀ fúnra rẹ̀ kò léwu: ẹni tó jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 lè lò ó nígbàkúùgbà.

Ọ̀rọ̀ ìpalára ló gba sùúrù jù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Orúnkún ń dùn, ó gbé ibuprofen mì, ó sọ pé “ara ò le jù”, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, ó máa ń nira kí àwọn VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, tó gbà á gbọ́. Ní ọdún tó kẹ́yìn, kó lọ sí ilé ìwòsàn bárékè fún gbogbo ohun tó ń ṣe é, látorí etí tó ń hó dórí ẹ̀yìn, orúnkún àti àìróorun sùn, kó sì rí i pé dókítà kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kó gba ẹ̀dà fáìlì ìtọ́jú náà lódindi kó tó jáde.

Ìgbà tó bá ku ọjọ́ 180 sí 90 ni kó fi ìwé ìbéèrè owó ìpalára tí wọ́n ń pè ní BDD ránṣẹ́ sí VA. Fún ọjọ́ 45 lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí fún àyẹ̀wò, nítorí náà kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sáàárín. Bí ọjọ́ tó kù kò bá tó 90 mọ́, kó ṣì béèrè lọ́nà tó wọ́pọ̀, bó tiẹ̀ máa pẹ́ díẹ̀. Kó má jẹ́ kó kọjá ọdún kan lẹ́yìn tó jáde: bó bá wà láàárín ọdún náà, wọ́n á ka owó láti ọjọ́ kejì tó jáde, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó béèrè ni wọ́n á máa kà. Kò sì gbọdọ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá a kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí. DAV, VFW àti American Legion, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, ń bá èèyàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé DD-214, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ó ti jáde lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà, ni yóò máa gbé kiri títí ayé. Kó má fọwọ́ sí i láì kà á. Àpótí 1 ni orúkọ wà, àpótí 13 ni àmì ẹ̀yẹ, àpótí 24 ni bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀. Orúkọ wa gùn, akọ̀wé sì máa ń já lẹ́tà sílẹ̀. Kí “Adebowale” tó wà níbẹ̀ bá ti káàdì Social Security mu délẹ̀. Ẹ̀dà Member 4 ni kó tọ́jú. Bó bá fẹ́ ṣe ìwé ọmọ ìlú, kó fi N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè fún un, ránṣẹ́ kó tó jáde: wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ṣọ́jà, ọ̀gá rẹ̀ á sì fọwọ́ sí N-426, ìwé ẹ̀rí pé ó ṣe ṣọ́jà, fún un.

Ní ti owó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ dín ìpè kù díẹ̀. Owó ilé máa dúró lọ́jọ́ tó bá jáde, owó oṣù tó kẹ́yìn sì sábà máa ń pẹ́. Ìsinmi tó kù, ó sàn kó fi sinmi ju kó tà á lọ, torí owó oṣù gan-an nìkan ni wọ́n ń san fún èyí tí èèyàn bá tà, kò sí owó ilé níbẹ̀. Ìbánigbófò ẹ̀mí SGLI tó ní gẹ́gẹ́ bíi ṣọ́jà ṣì máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 120 lẹ́yìn tó bá jáde. Bó bá gbé e sí VGLI, irú rẹ̀ tó wà fún ẹni tó ti jáde, láàárín ọjọ́ 240, wọn ò ní béèrè bóyá ara rẹ̀ dá.

Ní ti iṣẹ́, SkillBridge lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aráàlú, kò ní ju ọjọ́ 180 lọ, kí owó ṣọ́jà ṣì máa wọlé, bí ọ̀gá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Awakọ̀ ṣọ́jà (tí wọ́n ń pè ní 88M) tó ti wa ọkọ̀ ńlá fún ọdún méjì lè gba CDL, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ọkọ̀ ńlá, láìṣe ìdánwò ìwakọ̀, bó bá lọ láàárín ọdún kan tó jáde.

Nílé, bó bá ń sùn, ẹ má fọwọ́ kàn án láti jí i. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ má bi í léèrè iye èèyàn tó pa. Ẹni tó bá lọ sójú ogun lè rí agbaninímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Vet Center, ẹbí rẹ̀ náà sì lè lọ. Àdúrà kò dí ìyẹn lọ́wọ́. Bó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, kí ẹ tẹ 1, kí ẹ sì dúró tì í.