Déètì Ara Àpòòwé: Ohun Tí Ojú Mi Rí Níbi Ìdìbò Àárín Sáà ní Philadelphia

Inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, jókòó sílé, wọ́n dìbò wọn, wọ́n buwọ́ lu àpòòwé, wọ́n fi ránṣẹ́, ìbò náà sì débi tó yẹ kó dé nígbà tó ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ ìdìbò. Síbẹ̀, wọn ò fẹ́ kà á, nítorí déètì tí Màmá kọ sára àpòòwé. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo ní kí n máa fi ìrọ̀lẹ́ ṣe, ìyẹn kíkan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn kí wọ́n lè dìbò, wá di ohun tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tó tún gba oorun lójú mi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nínú ìdìbò ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2026 lè mọ ibi tí ẹ̀gún wà.

Ọdún 2022 ni. Ìdajì sáà Ààrẹ ni irú ìdìbò yìí máa ń bọ́ sí. Orúkọ Ààrẹ kì í sí nínú ìwé ìdìbò, àmọ́ gbogbo ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń yàn, pẹ̀lú bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀. Ní Pennsylvania tiwa, Josh Shapiro àti Doug Mastriano ń du ipò gómìnà, John Fetterman àti Mehmet Oz ń du ipò sẹ́nétọ̀. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń wo ìpínlẹ̀ wa. Àmọ́ tó o bá kan ilẹ̀kùn ọmọ Yorùbá ní Southwest Philadelphia, lápá Woodland Avenue, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún ọ ni pé, "Ṣebí kì í ṣe Ààrẹ la fẹ́ yàn? Kí ló wá fa gbogbo wàhálà yìí?"

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe wọ inú iṣẹ́ náà. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan, wọ́n fún wa ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́, wọ́n fi àdírẹ́sì àwọn èèyàn sórí fóònù wa, ó di títì. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti olóṣèlú. A ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé lágbájá ni kó dìbò fún. Kí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sáà ti dìbò ni tiwa. Àdírẹ́sì tí wọ́n kó fún wa ti gbó ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kan ilẹ̀kùn àwọn tó ti kó lọ sí Upper Darby tipẹ́, mo sì fẹsẹ̀ rìn lásán ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo lè fi yangàn: àwọn àgbà wa dá mi lóhùn. Àwọn tí wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó gbé bébà lọ́wọ́, tí mo bá ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí mo ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà," ilẹ̀kùn á ṣí, wọ́n á tún fún mi ní omi tútù. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ilé ló sì máa ń kún ẹnu wọn. Bàbá kan bi mí pé, "Kí lẹ mú dání fún wa?" torí pé dìbò-kí-o-sebẹ̀ ni wọ́n mọ̀ nílé. Mo ní, "Bàbá, níbí, ẹni tó fowó ra ìbò àti ẹni tó gba owó ìbò, ẹ̀wọ̀n ń wò wọ́n." Ẹlòmíì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á ní kí mọ́tò má rìn lọ́jọ́ náà bíi ti ọjọ́ Sátidé ìdìbò nílé. Mo ní rárá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, gbogbo ayé á wà lẹ́nu iṣẹ́, bọ́ọ̀sì á sì máa lọ. Ìyá kan ò fẹ́ kọ orúkọ sára àpòòwé rárá. Ìka ni wọ́n ń tẹ̀ nílé, ìwé ìdìbò kì í ní orúkọ, wọ́n sì rò pé ẹnì kan fẹ́ mọ ẹni tí àwọn dìbò fún ni. Ó gba sùúrù kí ó tó yé wọn pé àpòòwé ti inú, tí kò ní orúkọ kankan, ló ń bo àṣírí ìbò, àti pé ti òde nìkan ni wọ́n ń buwọ́ lù.

Ibì kan wà tí mi ò fi ṣeré rárá. Kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan míì, màá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti búra fún yín?" ìyẹn ni pé, ṣé wọ́n ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní grín káàdì ò gbọdọ̀ dìbò. Kó tiẹ̀ mú fọ́ọ̀mù, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lòun, ó lè ba ìwé rẹ̀ jẹ́ pátápátá, wọ́n sì lè torí ẹ̀ dá a padà sílé. Bùrọ̀dá kan fẹ́ kọ orúkọ lójú mi, ó ní ṣebí òun ń san owó orí. Mo gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní tó bá wù wọ́n láti ṣe nǹkan, kí wọ́n wá bá wa kan ilẹ̀kùn, òfin ò ka ìyẹn léèwọ̀. Wọ́n sì wá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ déètì. Láti ọdún 2019 ni òfin Act 77 ti fún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Pennsylvania láǹfààní láti dìbò nílé, kó fi ránṣẹ́, láìjẹ́ pé ó ń ṣàlàyé ìdí. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, àǹfààní ńlá ni. Ìbò ọ̀hún gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó ìdìbò kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ọjọ́ tó bá sì dé ni wọ́n ń lù ní òǹtẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ ọjọ́ tó dé. Síbẹ̀, òfin tún ní kí olùdìbò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ déètì sí àpòòwé òde. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mi ò rí ohun tí déètì yẹn ń ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n ya gbogbo àpòòwé tí kò ní déètì, tàbí tí déètì rẹ̀ kò tọ́, sọ́tọ̀, kí wọ́n má sì kà wọ́n. Adájọ́ mẹ́fà ló jókòó. Bóyá èyí tako òfin ìjọba àpapọ̀ tàbí kò tako ó, mẹ́ta ní ó tako ó, mẹ́ta ní kò tako ó. Àwọn adájọ́ pàápàá ò rí i bákan náà, àmọ́ arúgbó tó dìbò nínú ilé rẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, orúkọ àwọn tọ́rọ̀ kàn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní 3,000 ní Philadelphia nìkan. Ẹ rò ó wò: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni ọgọ́rin ọdún ti máa mọ̀ pé ìbò òun ti wọmi! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ìka fa orúkọ kọjá lórí fóònù, mo ń wá àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, Ọlá, Ògún, Fá. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ Màmá. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò dìbò ni? Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé mo dìbò." Mo ní kí wọ́n rántí déètì tí wọ́n kọ. Wọ́n ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ, 12/10/2022.

Bó ṣe yẹ ni lóòótọ́, fún ẹni tó lọ sílé ìwé nílé. Ọjọ́ là ń kọ ṣáájú oṣù. Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ni wọ́n kà á sí, ọjọ́ tí kò tíì dé. Ìbò tó ti wà lọ́wọ́ yín láti oṣù kẹwàá, ẹ̀ ń sọ pé oṣù Kejìlá ni wọ́n kọ ọ́! Mo pariwo nínú yàrá mi.

Ọ̀nà àtúnṣe kan wà: kí olùdìbò lọ sí City Hall, ilé ìjọba ìlú, kó gba ìwé ìdìbò tuntun níbẹ̀. Mi ò lè bá Màmá lọ ṣe é. Òfin ní ọwọ́ olùdìbò fúnra rẹ̀ ni, àyàfi aláìlera tó bá fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnì kan bá òun ṣe é, Màmá ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní aláìlera. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, ìdí tí wọ́n fi dìbò nílé gan-an nìyẹn. Ọjọ́ Ajé nìkan ló kù. Trolley nọ́mbà 11, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ìbá gbé wa dé abẹ́ City Hall, àmọ́ orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Mo pè níbi iṣẹ́ pé mi ò wá, owó ọjọ́ yẹn lọ. Mo gbé ọkọ̀ mi, owó tí mo san níbi tí mo gbé e sí láàárín ìlú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́.

A dé ibẹ̀, ìlà ti gùn. Màmá wé gèlè, wọ́n wọ kóòtù òtútù lé ìró, wọ́n di báàgì wọn mú sí àyà. Ọmọ ilé-ìwé kan tó wà níwájú wa fún wọn ní àyè rẹ̀, ọlọ́run á bùkún un. A dúró. A tún dúró. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wo aago, ó tún wò ó, ó sì yọ kúrò lórí ìlà, ó lọ. Mo sá tẹ̀ lé e, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n á lé òun níbi iṣẹ́. Mi ò lè dá a lẹ́bi, èmi náà mọ ohun tí mo fi sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ló dùn mí jù.

Àwọn tó ń dá èèyàn lóhùn níbẹ̀ ṣe dáadáa, ó ti rẹ̀ wọ́n ṣùgbọ́n wọn ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fagi lé ìbò àkọ́kọ́, wọ́n fún Màmá ní ìwé tuntun. Màmá ṣe èyí tó jẹ́ àṣírí tán, wọ́n fi sínú àpòòwé inú, wọ́n fi ti òde bò ó. Wọ́n wá gbé bíró sókè, wọ́n wò mí. "Oṣù ni kí n kọ́kọ́ kọ, àbí ọjọ́?"

"Oṣù, mà. Mọ́kànlá."

Wọ́n tẹ bíró náà mọ́lẹ̀ débi pé ó fẹ́ lu ìwé: 11/07/2022. Tí wọ́n bá kọ ọ́ bíi tiwa ni, oṣù keje ni wọn ìbá kà á sí, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Nígbà tó wọ inú àpótí, Màmá ní, "Ó parí?" Mo ní ó parí. Orí mi wú. Mo wà ní mọ́tò kí n tó rántí pé àwọn tó kù lórí àkójọ náà ṣì pọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi pe àwọn tí a ní nọ́mbà wọn. Mo sọ fún wọn pé wọn ò nílò City Hall dandan: kí wọ́n lọ síbi ìdìbò àdúgbò wọn lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n béèrè fún provisional, ìwé ìdìbò tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan lọ. Ẹni tí kò gbé fóònù, ìbò rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Fetterman wọlé, Shapiro wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń dá àwọn tó ní "ìbò kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ ṣe" lóhùn ni ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Ìjókòó 203 ló wà níbẹ̀. 102 bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, 101 sọ́wọ́ èkejì. Ìjókòó tó sọ ẹni tó ni ilé náà wà ní Montgomery County, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ìbò tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá fi ìyẹn wé 3,000 àpòòwé.

Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ tún un ṣe, àdírẹ́sì ẹgbẹ́ kọ́ ni màá kọ́kọ́ gbára lé. Àkójọ ti ara mi ni màá ṣe, láti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti WhatsApp, pẹ̀lú nọ́mbà fóònù, torí pé nígbà tí ọ̀ràn dé, nọ́mbà ló gba èèyàn là, ojúlé ò ṣe nǹkan kan. Màá jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń kọ àpòòwé òde, màá gbójú kúrò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ti inú. Màá sì ní kí àwọn tó bá ti fi ránṣẹ́ máa yẹ ìbò wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́, kí ó má di ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìdìbò.

Ẹjọ́ déètì yìí ti lọ ti bọ̀ látìgbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nínú ẹjọ́ mìíràn, ilé ẹjọ́ kan náà ní dída ìbò nù nítorí déètì lòdì sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n tún àpòòwé náà ṣe fún ìdìbò ọdún 2024, wọ́n ti tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sí i ṣáájú. Èmi ò dúró de adájọ́ kankan. Ẹ kọ déètì yín, oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ márùn-ún-dín-lógún ṣáájú ìdìbò ni fífi orúkọ sílẹ̀ ń parí ní Pennsylvania. Ti ọdún 2026, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ni. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò nílé, kí ìwé ìbéèrè rẹ̀ dé ọwọ́ wọn kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìdìbò, ìyẹn ọjọ́ 27 oṣù kan náà.