Bí ará Ìbàdàn ṣe lè wo mùsíọ́ọ̀mù Washington láìfi ẹsẹ̀ jìyà

Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó ń ti Bódìjà, Àpáta tàbí Mọ́níyà lọ bá ọmọ wẹ ọmọ ní Maryland ti Amẹ́ríkà ló ń lo oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún láìrí ju ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ilé ìdáná lọ. Bẹ́ẹ̀ Washington wà nítòsí wọn níbẹ̀, àwọn mùsíọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé ń wọ bàálù wá wò sì wà níbẹ̀ tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. James Smithson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí títí tó fi kú, ni ogún rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba wọn. Ogún yìí ni wọ́n fi dá àjọ Smithsonian sílẹ̀ ní 1846. Mùsíọ́ọ̀mù 21 ló wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ọgbà ẹranko kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní National Mall. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ: kì í ṣe mọ́ọ̀lù bíi ti Ring Road. Koríko àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, oòrùn sì ń pa ènìyàn níbẹ̀ lóṣù Keje bíi ti Ìbàdàn lóṣù Kẹta.

Mùsíọ́ọ̀mù méjì lójúmọ́ ti tó. Láti ilé aṣòfin wọn dé ibi ère Lincoln tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, ìrìn inú ilé kọ̀ọ̀kan kò sì sí nínú ìyẹn. Ẹni tó bá wọ ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ń wò, ọkàn rẹ̀ ti sùn. Fún ọmọ Yorùbá, méjì tó yẹ kó ṣáájú ni National Museum of African American History and Culture (ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ilé ìtàn aláwọ̀ dúdú) àti National Museum of African Art. Ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín wọn.

Ilé ìtàn aláwọ̀ dúdú ló gba ọgbọ́n jù. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣàdédé yà wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ọjọ́ àti wákàtí ni wọ́n fi ń wọlé, ojú òpó wọn, nmaahc.si.edu, lẹ ó ti gbà á. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń tú u sílẹ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Washington. Tó bá jẹ́ pé láti Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ gbà á kí ẹ tó gbéra, ẹ ṣe ìṣirò yìí dáadáa. Láti ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn, nítorí náà aago kan ọ̀sán ni tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yí aago wọn padà, àwa kì í yí tiwa, ó wá di wákàtí mẹ́fà: aago méjì ọ̀sán. Ibí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé "aago kan" á ṣí ojú òpó náà lóṣù Kejìlá, kò ní rí nǹkan kan, á rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì tú u sílẹ̀ ni.

Ẹ ti gba iná sí fóònù láti àárọ̀, kí dátà wà lórí rẹ̀. A kì í fi irú èyí dúró de NEPA. Sátidé ló máa ń yá tán jù. Àárọ̀ Tuesday tàbí Wednesday rọrùn láti rí gbà. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì fún orí kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ tó wà lẹ́yìn. Ìyá àgbà tó pọn ọmọ, tó mú tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan lọ́wọ́, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ímeèlì ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, torí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa fà lójú títì, ìlà náà kò sì ní dúró dè yín. Tí ẹ kò bá rí ti ọjọ́ iwájú gbà, wọ́n tún ń tú díẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ní 8:15 aago tiwọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí fún yín, gbájúẹ̀ ni.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ pàápàá máa ń gbàgbé. Bí àwọn aṣòfin wọn kò bá fẹnu kò lórí owó ìṣúná, Smithsonian lè ti ilẹ̀kùn pátápátá, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2025. Ẹ wo ìròyìn kí ẹ tó wọ bàtà.

Kí ẹ tó fi Ìbàdàn sílẹ̀, ẹ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Alálùbọ́sà lẹ́ẹ̀kan. A kò sọ èyí láti fi ṣe fáàrí. Ẹni tí kò bá tíì dúró ti ère kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá rí, níwájú ọgọ́rùn-ún ère lọ́hùn-ún, á kàn máa rìn kọjá ni. Ẹ mú ère kan, ẹ wò ó láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀bẹ gbẹ́gi jinlẹ̀ sí àti ibi tó kàn fara kàn díẹ̀. Ojú á mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò le. Ẹni tó ń gbé apá Lanham tàbí Bowie lè wọ ọkọ̀ ojú irin Metro ní New Carrollton, ojú irin tí wọ́n ń pè ní Orange, kó sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Smithsonian. Kò sí pé à ń pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ lè fi káàdì SmarTrip wọlé, ẹnì kan, káàdì kan. Tọkọtaya kò lè fi ẹyọ kan jọ wọlé. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá ṣe jìnnà tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tẹ káàdì nígbà tí ẹ ń wọlé, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ ń jáde. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ ọ́ sínú báàgì tó jinlẹ̀. Owó ọkọ̀ kéré gan-an lópin ọ̀sẹ̀, àmọ́ èrò á pọ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ mú èyí tó wù yín níbẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yẹ báàgì wò. Ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi ń bó ọsàn. Ẹ lè mú omi dání, ṣùgbọ́n ẹ ò lè jẹun nínú àwọn yàrá tí ohun àfihàn wà. Bí mọ́ín-mọ́ín bá wà nínú kúlà, orí koríko Mall lẹ ó ti jẹ ẹ́, ẹ ò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tí orúnkún bá ń yọ lẹ́nu kó béèrè kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà: ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń yáni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí ẹ tó wọ ilé ìtàn aláwọ̀ dúdú, ẹ dúró níta kí ẹ gbójú sókè. Ìpele mẹ́ta ni ilé náà, ìpele kọ̀ọ̀kan fẹjú lókè ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Orí òpó Yorùbá tí wọ́n gbẹ́ ère oníadé sí ni David Adjaye àti àwọn tí wọ́n jọ yàwòrán ilé náà ti mú un. Ilé tí Amẹ́ríkà ṣí ní 2016 láàárín gbùngbùn olú-ìlú rẹ̀, adé tiwa ló dé. Pátákó irin tó bò ó lára tó 3,600.

Nínú ilé, ẹ má ṣe gòkè. Gbogbo àlejò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà lọ sókè níbi orin àti eré ìdárayá, ìgbà tí wọ́n á fi padà sísàlẹ̀, ìlà ti gùn. Ẹ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ wá wọ lífítì ńlá tó ń lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ ó máa rí ọdún tí wọ́n kọ sára ògiri tó ń padà sẹ́yìn, títí dé 1400. Láti ìsàlẹ̀ yẹn lẹ ó ti máa fẹsẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀: oko ẹrú àti òmìnira títí dé 1877, lẹ́yìn náà ìgbà tí wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, títí dé 1968, lẹ́yìn náà ìgbà tiwa yìí. Ẹ fi wákàtí méjì àbọ̀ sílẹ̀ fún un. Nínú apá kejì, ọkọ̀ ojú irin gidi kan wà tí ẹ ó gba inú rẹ̀ kọjá. Àga àwọn aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun wà nínú rẹ̀, ẹ fi wọ́n wéra. Àpótí òkú Emmett Till, ọmọ ọdún 14 tí wọ́n pa ní Mississippi ní 1955, wà nínú yàrá kan tí a kì í ya fọ́tò. Ẹ pa fóònù mọ́ kí wọ́n tó sọ fún yín. Nígbà tí ẹ bá parí, yàrá kan wà tí omi ń rọ̀ látòkè ní àárín rẹ̀, tí àga sì yí i ká. Ẹ jókòó níbẹ̀. Ìtàn tí ẹ kà yẹn wúwo, kò dára kéèyàn ti ibẹ̀ kọrí sídìí oúnjẹ.

Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n díẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá rí gumbo nínú rẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Ilá tó wà nínú rẹ̀, Áfíríkà ló ti wá.

Ní mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìlà. Ilé kékeré lẹ máa rí lójú títì, abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rìn kọjá láìmọ̀. Ọpọ́n kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Òun náà ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tó wà lójútáyé, torí náà ẹ kọ́kọ́ tẹ "Olowe" sójú òpó wọn láìfi àmì sí i, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "on view" sí i. Bí wọn ò bá kọ ọ́, inú yàrá ìpamọ́ ló wà, ẹ má fi í ṣe ìdí ìrìn àjò.

Bó bá wà níta, ẹ má wò ó lóòró nìkan. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n náà dání. Lórí ìdérí, àwọn obìnrin di ara wọn mú, wọ́n ń jó yípo. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ọpọ́n. Láàárín àwọn ère kéékèèké tó gbé e ró, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó lè yí, kò lè jáde, torí ara igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín àwọn ère yẹn, kí ẹ ro bí ọ̀bẹ ṣe gba ibẹ̀ wọlé lọ gbẹ́ orí. Ẹ lè ya fọ́tò, kó má ṣe tan iná. Lára ọ̀pọ̀ ohun mìíràn, "Yoruba artist" lásán lẹ ó rí, kò sí orúkọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó wọn, wọn kò béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ń wá idẹ Benin, ẹ rántí pé mùsíọ́ọ̀mù yìí dá 29 nínú wọn padà fún Nàìjíríà ní 2022.

Tí ọjọ́ mìíràn bá yọ, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Natural History, tí erin ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá gééré tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Tó bá di ọ̀sán, ibi òkúta Hope Diamond á dà bí ọjà Dùgbẹ̀.

Èyí tó kù, mùsíọ́ọ̀mù ọkọ̀ òfuurufú, wà nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú Dulles, wọ́n ń pè é ní Udvar-Hazy. Bí ọmọ bá ń fi mọ́tò gbé yín lọ síbi bàálù, tí wákàtí mẹ́rin sì wà nílẹ̀, ẹ yà síbẹ̀. Ọkọ̀ Discovery tó lọ sí ojú ọ̀run tó sì padà bọ̀ wà nínú rẹ̀, bàálù Concorde náà wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, owó ìgbọ́kọ̀sí nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ fi àpótí sínú búùtù mọ́tò, ẹ tì í pa. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọ́ ọ wọlé.