Ẹ Má Fi Owó Káàdì Àwòrán Ra Ibi Ìpamọ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká fún Géèmù

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n rà ní ibòmíràn, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Ìyá náà ti ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀ pé bí ó bá yege ìdánwò WAEC, òun yóò ra kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé géèmù fún un. Ọmọ yege, ìyá ná owó, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà ń gbá nínú rẹ̀ ń fà bí ẹni tí ó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó tà á fún wọn sọ pé graphics rẹ̀, ìyẹn káàdì àwòrán tí ó ń ya géèmù sójú, jẹ́ 8GB. Mo ṣí ojú ibi tí Windows máa ń kọ ọ̀rọ̀ káàdì àwòrán sí, mo sì ní kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ kà á fún ìyá rẹ̀. Lókè ni Total Available Graphics Memory wà, iye tí ó wà níwájú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 8,000MB. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni Dedicated Video Memory: 128MB.

Inú RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà náà fi ń ṣiṣẹ́, ni 8GB tí olùtajà ń pariwo ti wá. Intel UHD 620, ẹ̀yà àwòrán tí ó wà nínú processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) rẹ̀, kò ní ìrántí tirẹ̀; inú RAM ni 128MB yẹn pàápàá ti wá. Ó máa ń yá nǹkan bí ìdajì RAM lò ni, ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà oní-16GB fi máa ń kọ 8GB síbẹ̀, tí oní-8GB sì máa ń kọ 4GB. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pààrọ̀ káàdì náà." Mo ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti fún ní ìdáhùn yẹn, inú mi kì í sì í dùn lẹ́ẹ̀kan rí bí mo bá ń sọ ọ́, nítorí owó tí wọ́n fi ọjọ́ pípẹ́ tù jọ ni wọ́n ná.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ìwòyí, wọ́n ti fi òjé jó káàdì àwòrán mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra èyí tí kò tó, àfi kí ó ta odindi kọ̀ǹpútà náà kí ó tún òmíràn rà. Ibi ìpamọ́, níbi tí géèmù àti fáìlì máa ń gbé, kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan ni ó dè é mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ẹ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀ nígbà tí owó bá tún wọlé. Síbẹ̀, ibi ìpamọ́ ńlá ni àwọn olùrà máa ń lé: wọn a gbé 1TB tí káàdì rẹ̀ kò lágbára lọ sílé, wọn a sì fi 256GB tí káàdì rẹ̀ dára sílẹ̀ lórí àtẹ.

Àṣìṣe kìíní ni kí ẹ máa ka ìrántí àyálò mọ́ ti káàdì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń jẹ owó àwọn ènìyàn jù lọ lójú mi. Ìrántí àyálò lọ́ra, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. RAM DDR4-2400 ẹyọ kan ń gbé 19.2GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kọ̀ǹpútà lódindi àti àwòrán ni wọ́n sì jọ ń pín in lò. GTX 1650 oní-GDDR5, káàdì ilé-iṣẹ́ NVIDIA tí ó ní ìrántí tirẹ̀, tí kì í ṣe káàdì ńlá rárá, ń gbé 128GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, òun nìkan ni ó sì ń lò ó. RTX 3060 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ń gbé 336GB. Nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ ki 64GB RAM bọ inú kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn, kí Windows sì kọ 32GB síbẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò ṣì máa fà.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà, ẹ má sì gba ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọjà. Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ sì tẹ GPU, ìyẹn ẹ̀yà àwòrán. Bí ó bá jẹ́ GPU 0 nìkan ni ó wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Intel UHD tàbí Iris Xe, ẹ dìde. Bí GPU 1 bá wà, iye tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dedicated GPU memory ni kí ẹ wò. Shared GPU memory kò kàn yín. Ti ilé-iṣẹ́ AMD tún ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé BIOS (ètò tí ó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) lè gé 2GB kúrò lára RAM, kí Windows sì kọ ọ́ sí Dedicated bí ẹni pé ti káàdì ni. Orúkọ ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n: bí ó bá ti jẹ́ AMD Radeon Graphics lásán, tí kò sí nọ́mbà káàdì bí RX 6600M lẹ́yìn rẹ̀, inú processor ni ó wà. Bí olùtajà bá ní iná kò sí, pé kí ẹ sanwó ná kí ẹ lọ tàn án nílé, ẹ dúró kí iná dé tàbí kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ ra orúkọ láìbéèrè wáàtì. NVIDIA gba àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà láàyè láti fún RTX 3060 alágbèéká ní agbára láti 60 wáàtì títí dé 115. Ti RTX 4060 bẹ̀rẹ̀ láti 35, ó sì dé 115. Orúkọ kan náà ni wọn yóò kọ sára gbogbo wọn. Mo ti gbé RTX 3060 méjì kalẹ̀ lórí tábìlì kan rí, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ìkejì nípọn. Géèmù kan náà ni mo tàn lórí àwọn méjèèjì, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà sì fi ojú lásán mọ èyí tí ó yá jù. Ẹ ṣí NVIDIA Control Panel, ẹ tẹ System Information, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Maximum Graphics Power sí. Ẹ má sì fi fídíò tí ẹ wò nípa káàdì orí tábìlì díwọ̀n ti alágbèéká: RTX 4090 orí tábìlì ní 24GB ó sì ń jẹ 450 wáàtì, nígbà tí èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ní 16GB.

Ṣájà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wáàtì yìí pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tí ṣájà rẹ̀ gan-an jẹ́ 230 wáàtì sábà máa ń dé ọwọ́ wa pẹ̀lú ṣájà 90 wáàtì tí wọ́n ṣà láti ibi kan, olùrà a sì máa rò pé káàdì ni ó bàjẹ́. Bátìrì 80Wh (tí ó lè fúnni ní 80 wáàtì fún wákàtí kan) kò lè bọ́ káàdì oní-115 wáàtì fún wákàtí kan, nítorí náà kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò dín agbára káàdì kù bí iná bá ti lọ. Ẹni tí ó bá ń gbé ilé rẹ̀ lórí inverter gbọ́dọ̀ ka 230 wáàtì yẹn mọ́ fìríìjì àti fáànù kí ó tó yan kọ̀ǹpútà.

Ní ti ìwọ̀n ìrántí káàdì, 4GB ti kéré fún ọ̀pọ̀ géèmù tuntun, 6GB ṣeé fara mọ́, 8GB ni kí ẹ lé bí apá bá ká a. MX150 àti MX450 kì í ṣe káàdì géèmù. Àwọn ZBook (ti HP) àti Precision (ti Dell) tókunbọ̀ tí ó ní Quadro, káàdì NVIDIA fún iṣẹ́, lè gbá géèmù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́mbà rẹ̀ kí orúkọ ńlá má baà gbà yín lówó: chip TU117 kan náà ni ó wà nínú Quadro T1000 àti GTX 1650 alágbèéká.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí ibi ìpamọ́. Ẹ má fi géèmù sórí HDD, díìsìkì àtijọ́ tí ó ń yí, mọ́. Ẹ sá fún eMMC, ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú, nítorí pé òun nìkan ni ibi ìpamọ́ tí wọ́n fi òjé jó mọ́lẹ̀ tí mo sábà máa ń rí lọ́jà. Bí SSD, ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tí ń yí nínú, bá jẹ́ tókunbọ̀, ẹ fi ètò CrystalDiskInfo wo ìlera rẹ̀ àti iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣe ìṣirò ààyè kí ẹ tó rà á. SSD 512GB máa ń hàn bí 476GB lójú Windows, Windows fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Baldur's Gate 3 ń béèrè fún 150GB, Starfield 125GB, EA Sports FC 24 sì ń béèrè fún 100GB. Mẹ́ta péré ti di 375GB. Ẹni tí ààyè rẹ̀ bá kún yóò máa pa géèmù kan rẹ́ láti gbé òmíràn wọlé, owó dátà ni yóò sì máa fi gbà á padà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún wù ú gbá. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí owó dátà tí wọ́n ná báyìí ti ju owó SSD kejì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó kéré, ẹ rí i dájú pé ihò M.2 kejì, ibi tí wọ́n ń ki SSD pélébé sí, wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì fi ojú yín rí i, nítorí pé wọ́n máa ń ṣe irú kan náà ní oníhò kan àti oníhò méjì.

Ihò yìí gan-an ti yà mí lẹ́nu rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra SSD M.2 fún oníbàárà kan tí ó ń retí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó wọ ihò rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, mo dè é, mo tan kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò rí i. Mo tú u, mo tún un dè, mo ń yí BIOS títí ilẹ̀ fi ṣú. SATA ni mo rà, NVMe nìkan ni ihò náà ń gbà; ọ̀nà méjì tí SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni wọ́n, NVMe ni ó yá jù. Èmi ni mo san owó èkejì, nítorí pé ẹ̀bi mi ni. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ní gígé méjì sábà máa ń jẹ́ SATA, èyí tí ó ní gígé kan sábà máa ń jẹ́ NVMe, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ gbára lé. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú: 2280 gùn ní mìlímítà 80, 2242 jẹ́ 42, 2230 jẹ́ 30.

Ẹ má sì sanwó fún ìyára tí kọ̀ǹpútà yín kò lè lò. NVMe PCIe 4.0 tí ó ń sáré 7,000MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò dín kù sí nǹkan bí 3,500MB nínú ihò PCIe 3.0, tí ó jẹ́ ìran àtijọ́ ọ̀nà tí NVMe ń gbà, owó tí ẹ fi kún un ti lọ nìyẹn. Láti HDD sí SSD ni ìyàtọ̀ ńlá wà nígbà tí géèmù bá ń ṣí. Láti NVMe kan sí òmíràn, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni.

Èyí tí ó burú jù nídìí ibi ìpamọ́ ni ayédèrú. Arákùnrin kan gbé SSD ìta kan wá bá mi, tí wọ́n kọ 16TB sí lára, tí ó rà ní owó tí kò tó ti ojúlówó 1TB. Ó ti kó géèmù rẹ̀ àti àwòrán ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn àwòrán náà kò sì ṣí mọ́. Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Mẹ́mórì káàdì fóònù kan, 64GB, ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ pátákó aláwọ̀ ewé kan. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kí ó máa pe ara rẹ̀ ní 16TB fún Windows. Bí ohun tí ẹ kó sí i bá ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀ tòótọ́, tuntun yóò máa pa àtijọ́ rẹ́. Kí ẹ tó kó ohunkóhun sínú ibi ìpamọ́ tuntun, ẹ fi H2testw, ètò tí ó ń dán ibi ìpamọ́ wò, kún un dé ẹnu, kí ó sì ka gbogbo rẹ̀ padà. Ó lè gba gbogbo òru. Ẹ jẹ́ kí ó gbà á.

Ìyá àti ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ dá kọ̀ǹpútà náà padà, ẹni tí ó tà á sì yọ nínú owó wọn. Èyí tí wọ́n fi ìyókù rà ní GTX 1650 oní-4GB àti SSD 256GB, ó sì tó fún bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà ń gbá, bí ó tilẹ̀ fajú ro pé ààyè rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ó dá wá pẹ̀lú NVMe 1TB tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Mo ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, mo fi ihò kejì tí ó ṣófo hàn án, mo sì gbé nọ́ọ̀tì kékeré náà lé e lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dè é.