Má fi ìwà oyin kan díwọ̀n òmíràn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa oyin inú igbó olóoru

Oyin tó ń ta ni, èyí tí wọ́n ń sìn sínú àpótí, ló gbajúmọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé bó ṣe ń wá oúnjẹ ni gbogbo oyin ń ṣe. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tòun a máa jó lórí afárá láti júwe ibi tí òdòdó wà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè fò kọjá kìlómítà 10. Oyin tí kì í ta, tó pọ̀ ní Brazil, Panama àti Mexico, kì í jó irú ijó yẹn. Trigona spinipes, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kì í ta, òórùn ló ń fi sàmì sójú ọ̀nà kí àwọn yòókù lè tọ̀ ọ́ dé ìdí òdòdó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jìnnà sílé púpọ̀, nítorí náà, bí wọ́n bá gé igi tó ń tanná nítòsí, ebi dé nìyẹn.

Má sì wọgbó lọ́sàn-án gangan kí o wá ní oyin ìbílẹ̀ ti tán. Ìdájí ni Melipona, ẹ̀yà oyin kan tí kì í ta, ń kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó.

Oyin bà lé òdòdó, kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣiṣẹ́ fún un. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tòmátì há sínú àpò tó ní ihò tín-ínrín. Àfi kí kòkòrò gbọ̀n ọ́n kó tó dà jáde. Melipona mọ̀ ọ́n gbọ̀n, oyin tó ń ta ni kò mọ̀ ọ́n. Àwọn Trigona kan sì rèé, ńṣe ni wọ́n ń gé òdòdó lu láti jí i kó. Olè pátápátá!

Àṣìṣe tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni ti oyin àlejò. Apis mellifera, ìyẹn oyin tó ń ta ni tí wọ́n ń sìn, kì í ṣe àlejò ní Áfíríkà; Amẹ́ríkà ló ti jẹ́ àlejò. Ọdún 1956 ni wọ́n kó oyin Áfíríkà dé Brazil, àwọn kan sá wọgbó lọ́dún 1957, wọ́n sì dé Panama ní 1982. Bí o bá rí wọn bo òdòdó kan, má tíì kéde pé wọ́n ti lé onílé jáde. Nígbà tí David Roubik, olùwádìí nípa oyin, gbé àpótí wọn sínú igbó French Guiana, oyin ìbílẹ̀ dín kù lórí òdòdó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama, níbi tí wọ́n ti ń ka oyin ṣáájú kí àlejò tó dé, iye àwọn ìbílẹ̀ kò já wálẹ̀ lẹ́yìn tó dé. Òdòdó mìíràn wà tí wọ́n lè yà sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ń pa wọ́n, ẹnu ihò ilé wọn ni kó dúró sí, kó ka iye tó ń gbé ẹrù wọlé.