Éésì ọkọ̀ mi tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ọkọ̀ mi ti lé ní ọdún 20. Tí mo bá ń sáré, éésì rẹ̀ á máa tutù dáadáa. Kí n ṣáà ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan, ooru ló kù. Gbogbo èèyàn ní gáàsì ló tán. Mẹkáníìkì wọ̀n ọ́n, ó pé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kò rọ òmíràn lé e, torí gáàsì àpọ̀jù kì í jẹ́ kó tutù, ó sì lè ba compressor, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì náà pọ̀, jẹ́.

Mo dá ọkọ̀ dúró, mo tan éésì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù tó ń fẹ́ condenser, ìyẹn ibi tí gáàsì ti ń tú ooru rẹ̀ dànù níwájú ọkọ̀, kò yí rárá! Lórí eré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń bá a kó ooru dànù. Tí ọkọ̀ bá dúró, kò sóhun tó ń fẹ́ ẹ mọ́. Mo yọ relay fáànù náà, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un, mo fi ti fèrè dípò, torí nọ́ńbà wọn bára mu. Kíá ni fáànù yí. Mo ra relay tuntun, mo sì rọra fi omi fọ ìdọ̀tí ara condenser, nítorí irin pẹlẹbẹ rẹ̀ tètè ń tẹ̀.

Lánàá, mo dúró sójú kan nínú oòrùn fún ìṣẹ́jú 30. Ó ṣì ń tutù.